Nọ́ńbà Là Ń Gbé Lọ Sọ́jà: Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ẹ̀yà, Ìwé àti Oníṣẹ́ fún Alùpùpù Jàpáànù Àtijọ́

Honda CG125 tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa n'Íbàdàn fún ọdún mọ́kànlá, tapólì la fi bò ó. Ọjọ́ tí mo pinnu pé màá tún un ṣe, ọjà ni mo gbà lọ tààrà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní písítìn CG. Wọ́n fún mi, mo sanwó, mo gbé e délé, àfi bó ṣe ń mì nínú sílíńdà. Wọ́n ti bá bàbá mi fẹ̀ sílíńdà yẹn lójú nígbà kan, n kò sì wọ̀n ọ́n kí n tó jáde nílé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé orúkọ alùpùpù ò tó í gbé lọ sọ́jà. Nọ́ńbà là ń gbé lọ: nọ́ńbà férémù, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà ẹ̀yà tí ẹ ń wá, àti ìwọ̀n tí ẹ fúnra yín wọ̀n. Ẹni tó bá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ á rí ẹ̀yà alùpùpù tó ti lé lógójì ọdún rà, bó wà n'Íbàdàn, bó wà ní London.

CG125 ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni mo mọ̀ jù. 1976 ni Honda gbé e jáde. Ibi tí ọ̀nà ò ti dáa, tí wọ́n ti ń di ẹrù wúwo sórí alùpùpù, tí ọ́ìlì sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀pá ló ń ti fáàfù rẹ̀, kì í ṣe ṣéènì. Ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀ kan Yamaha, Suzuki àti Kawasaki náà. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, màá sọ ọ́.

1. Péèpà àti nọ́ńbà méjì, kówó tó jáde

Nọ́ńbà férémù wà lára ọrùn alùpùpù, níbi tí ọwọ́ ìdarí ti ń yí. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, nísàlẹ̀ sílíńdà. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ fi fọ ibẹ̀. Ẹ má fi sáńpépà ha á rárá, torí nọ́ńbà tó ti fẹ́lẹ́ lè pa rẹ́, ta ló sì máa gbà yín gbọ́ pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ pa á rẹ́? Ẹ ya fọ́tò méjèèjì, kẹ́ ẹ fi wé èyí tó wà nínú péèpà.

Ti Honda àtijọ́ rọrùn láti kà. Orúkọ alùpùpù ló ń ṣáájú nọ́ńbà férémù, ti ẹ́ńjìnnì a sì fi lẹ́tà E kún un: CG125 fún férémù, CG125E fún ẹ́ńjìnnì. Bí ti ẹ́ńjìnnì yín ò bá bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ́ńjìnnì Ṣáínà ni wọ́n gbé sí i. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwòkọ CG ní Ṣáínà pọ̀ gan-an, ẹ́ńjìnnì wọn sì jọ ojúlówó débi pé téèyàn ò bá tẹjú mọ́ ọn, kò ní mọ̀. Ó ṣì lè gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀yà fún un, torí àwọn kan á wọ̀ ọ́, àwọn kan ò ní wọ̀ ọ́.

2. Ẹ fara balẹ̀ tú u

Kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ọ̀nà mẹ́ta. Ohun tó bá bọ́ kúrò, náílọ́ọ̀nù tirẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ kọ ibi tó ti wá sára rẹ̀.

Síkúrù ló máa ń kọ́kọ́ bani lọ́kàn jẹ́. Ẹ wo èyí tó di ìdérí ẹ́ńjìnnì mú. Ẹ máa rò pé sítáà lásán ni, àmọ́ ẹ sún mọ́ ọn dáadáa: lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ máa rí kókó kékeré kan, bí orí abẹ́rẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú àárín. Àmì JIS nìyẹn, ìlànà àwọn ará Jàpáànù. Ẹnu sítáà tí gbogbo wa ń lò kì í jókòó dé ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀. Tí ẹ bá fi agbára yí i, á yọ sókè, á jẹ ojú síkúrù náà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan á sì di iṣẹ́ ọ̀sán gbáko. Ẹ ra sikirudiráfà JIS. Vessel ti Jàpáànù ni mò ń lò, ẹyọ kan sì ti tó. Síkúrù tó bá ti dípẹtà, ẹ rọ dísù sí i lálẹ́, ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀, kẹ́ ẹ wá lo irú èyí tí wọ́n ń fi òòlù lù lórí tó ń yí bó ṣe ń gba òòlù.

3. Ìwé mẹ́ta, ìkẹta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá

Ìwé mẹ́ta ló wà fún alùpùpù kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ìwé ẹni tó ni ín, èyí tó ń sọ irú ọ́ìlì àti bí afẹ́fẹ́ táyà ṣe yẹ kó pọ̀ tó. Ìkejì ni ìwé àwọn mẹkáníìkì, tó ń sọ bó ṣe yẹ kí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan le tó àti ibi tí ẹ̀yà kan máa jẹ dé kó tó di ohun tí a ń sọ nù. Ìkẹta ni ìwé ẹ̀yà: àwòrán tí wọ́n ti tú gbogbo alùpùpù náà palẹ̀ lórí bébà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, torí láìsí i, ẹ ò mọ orúkọ ohun tí ẹ ń bi èèyàn.

Ìwé ẹ̀yà àwọn alùpùpù àtijọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. CMSNL, ilé ìtajà ẹ̀yà tó wà ní Volendam lórílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, gbé àwòrán wọn síta, ẹ sì lè wò ó bí ẹ ò bá tiẹ̀ ra nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Fún ìwé mẹkáníìkì, àwọn Haynes ní Ìlú Ọba ní ti CG125. Wọ́n máa ń tú alùpùpù palẹ̀ lóòótọ́ tí wọ́n fi ń kọ ọ́, fọ́tò ibẹ̀ sì wúlò fún ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, Clymer ni wọ́n mọ̀. Internet Archive, ilé ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn èèyàn ti ya sínú kọ̀ǹpútà.

Nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Honda tí wọ́n kó lọ sí Ìlú Ọba àti èyí tí wọ́n kó wá sí ilẹ̀ wa lè yàtọ̀ níbi wáyà, iná àti dáínámò, nítorí náà ẹ yẹ orúkọ ilẹ̀ wò lórí àwòrán wáyà kẹ́ ẹ tó tẹ̀ lé e. Èkejì, ẹ tẹ ojú ìwé tí ẹ nílò sórí bébà. Ọwọ́ tó kún fún gírísì àti fóònù kì í bára gbé.

4. Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà ẹ̀yà

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò.

Nọ́ńbà ẹ̀yà Honda pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Márùn-ún àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí ó jẹ́. Mẹ́ta àárín ń sọ alùpùpù tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ìyókù ń sọ bóyá wọ́n ti tún un ṣe tàbí àwọ̀ tó ní. Lára ti àárín, 383 ni CG125, 300 ni CB750 tó jáde ní 1969, 377 sì ni CB400F.

Ẹ wo písítìn. Èyí tó ní ìwọ̀n tí alùpùpù bá wá láti ilé iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 13101. Èyí tó fi 0.25 mm tóbi jù ú lọ jẹ́ 13102. Ti 0.50 jẹ́ 13103, ti 0.75 jẹ́ 13104, ti 1.00 sì jẹ́ 13105. Ojú sílíńdà CG125 tuntun jẹ́ 56.5 mm. Tí ẹ bá wọn etí òkè sílíńdà, níbi tí ríǹgì kì í dé, tí ẹ bá 57.0, wọ́n ti fi 0.50 fẹ̀ ẹ́ lójú nìyẹn, 13103 ló sì wà nínú rẹ̀. Ká ní mo mọ èyí lọ́jọ́ tí mo lọ sọ́jà ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ǹ bá lò.

Nọ́ńbà àárín náà ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Bí ẹ bá ń wo ìwé ẹ̀yà CG tí ẹ rí i pé ẹ̀yà kan ò ní 383, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Honda mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, tí CG wá yá a lò. Ẹ ti rí ilé kejì tí ẹ lè wá a dé. Ẹni tó ń béèrè "ti CG" nìkan ò ní débẹ̀ láé.

Ti Yamaha yàtọ̀: mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ alùpùpù, márùn-ún ló tẹ̀ lé e, méjì ló gbẹ̀yìn. Suzuki ń kọ márùn-ún àti márùn-ún, èyí tó bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 09 jẹ́ nọ́ọ̀tì, síìlì tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó wọ alùpùpù púpọ̀. Ní ti Honda, 9 ni irú wọn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹni tó ń tajà bá ní wọn ò ṣe nọ́ńbà yẹn mọ́, ẹ tún un bi: "Ṣé nọ́ńbà mìíràn ti rọ́pò rẹ̀?" Ilé iṣẹ́ máa ń yí nọ́ńbà padà, ẹ̀yà náà sì lè ṣì wà lábẹ́ orúkọ tuntun.

5. Ohun tí kì í ṣe ti alùpùpù rárá

Kẹ́ ẹ tó na owó sórí ẹ̀yà tó ní orúkọ Honda, ẹ kọ́kọ́ ya àwọn tí wọ́n ń tà níbi gbogbo sọ́tọ̀. Ẹ mú béárìn tó wà nínú wíìlì, ẹ fi àkísà tó ní pẹtiróòlù díẹ̀ nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e sínú oòrùn. Nọ́ńbà á yọ lára irin náà: 6302 bóyá, tàbí 6203. 6302 jẹ́ 15 mm nínú, 42 mm níta, 13 mm ní fífẹ̀, ibi yòówù kẹ́ ẹ ti rà á láyé. 6203 jẹ́ 17, 40 àti 12. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta béárìn ẹ̀rọ omi àti ẹ̀rọ ìlọta ní in. Ẹ má dárúkọ alùpùpù, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ pè. Èyí tó bá ní 2RS lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀ ni rọ́bà bò lójú méjèèjì, òun ló dáa fún wíìlì lójú ọ̀nà eléruku wa.

Ọ́ìlì síìlì náà bẹ́ẹ̀: ìwọ̀n mẹ́ta wà lára rẹ̀, inú, òde, àti bó ṣe nípọn tó. Nọ́ńbà ṣéènì wà lára ṣéènì, 428 ni ti CG. Lẹ́tà àkọ́kọ́ lára púlọ́ọ̀gì NGK ń sọ bí ìdí rẹ̀ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ṣe fẹ̀ tó: D jẹ́ 12 mm, C jẹ́ 10, B jẹ́ 14. Nọ́ńbà tó bá tóbi jù lórí NGK ló tutù jù, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ òdìkejì rẹ̀ fún yín.

6. Ọjà, àti ìsọ̀ àwọn bàbá

N'Íbàdàn, Aráròmí ní Gate. L'Ékòó, Ládipọ̀ ní Mushin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Fún alùpùpù, Nnewi ni gbogbo ọ̀nà já sí, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wa ló ti gba ibẹ̀ kọjá.

Oríṣi mẹ́ta lẹ máa bá: ojúlówó, ti Ṣáínà, àti tòkúnbọ̀. Mi ò kórìíra ti Ṣáínà. Okùn kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ bíréèkì, dígí, rọ́bà ẹsẹ̀, mo ń rà á. Àmọ́ písítìn, ríǹgì, káàmù àti ohun tó ń gùn ún, kọ́ńtáàtì, ojúlówó ni kẹ́ ẹ dúró dè, kódà bó máa gba oṣù mẹ́ta. Tòkúnbọ̀ dáa fún ohun tí kì í jẹ: férémù, ìdérí, ilé kábúrétọ̀.

Ibi tí mo ti rí ohun iyebíye jù kì í ṣe ọjà ńlá. Ní 1975, nígbà tí ìjọba san owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti tíṣà ló fi ra alùpùpù, àwọn tó ń ta ẹ̀yà sì ṣí ìsọ̀ káàkiri àwọn ìlú kéékèèké láti máa bójú tó wọn. Díẹ̀ lára àwọn ìsọ̀ náà ṣì wà, ọjà tí wọn ò tà tán ṣì wà lókè àjà. Mo wọ ọ̀kan báyìí, bàbá kan jókòó sórí àga onígi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá."

"Kú àbọ̀, ọmọ mi. Kí lo fẹ́?"

Mo fẹ́ fi fọ́tò hàn wọ́n lórí fóònù, wọn ò wò ó. Mo wá tú kọ́ńtáàtì àtijọ́ tí mo fi bébà wé. Wọ́n gbà á, wọ́n fi àtàǹpàkò ra á lójú, wọ́n yí i sódì.

"Ti àkọ́kọ́ nìyí, ti síkìsì fóòlítì. Gun àkàbà yẹn, páálí kẹta lápá òsì."

Páálí náà kún fún eruku tó ti di bí awọ. Nínú rẹ̀, náílọ́ọ̀nù kéékèèké, lébẹ́lì pupa ti rẹ̀ di àwọ̀ osùn, nọ́ńbà ibẹ̀ sì bá ti inú ìwé mi mu látòkèdélẹ̀. Mẹ́ta ló kù. Mo ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n já iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń lọ sí irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ẹ̀yà àtijọ́ dání pẹ̀lú nọ́ńbà. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun mìíràn tó wà lókè àjà. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ má rà níbẹ̀: rọ́bà. Síìlì tó ti wà nínú náílọ́ọ̀nù fún ogójì ọdún ti gan, á máa jo ọ́ìlì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí lébẹ́lì Honda bá tilẹ̀ wà lára rẹ̀. Irin àtijọ́, ẹ rà á. Rọ́bà, tuntun ni.

7. Òkè òkun

Àwọn tó ní CG ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́ ò ní. Ní Pakísítánì, Atlas Honda ṣì ń ṣe CG125 tí ọ̀pá ń ti fáàfù rẹ̀ títí di òní. Ní Bràsíl, CG ni Honda fi ṣí ilé iṣẹ́ wọn ní Manaus ní 1976, alùpùpù náà sì kún ilẹ̀ náà. Ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì tó dáa lè ti ibẹ̀ wá. Àmọ́ ẹ fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, torí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti tún tirẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀, CG tó jáde lẹ́yìn ní Bràsíl kì í sì í ṣe ẹ́ńjìnnì kan náà mọ́.

Fún Honda àtijọ́ lápapọ̀, David Silver Spares ní Leiston, ní Suffolk, ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ohun tí wọ́n ń tà ní gbàǹjo Jàpáànù ni ẹ fẹ́, ẹ nílò aṣojú bíi Buyee tó máa bá yín rà á, tó sì máa fi ránṣẹ́. Ẹ ka iye tí aṣojú ń gbà àti owó ìfiránṣẹ́ pọ̀ kẹ́ ẹ tó dá iye lé e. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, ẹ wọ ẹgbẹ́ VJMC, ẹgbẹ́ àwọn tó ní alùpùpù Jàpáànù àtijọ́. Ní Ìlú Ọba, wọ́n tún máa ń kọ ìwé ẹ̀rí ọdún tí wọ́n ṣe alùpùpù, èyí tó wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá yín gbé e wálé nínú báàgì, ẹ rò tiwọn. Kábúrétọ̀ tó bá ń rùn pẹtiróòlù, wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ wọn ní pápákọ̀ òfuurufú. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n yọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù, kó gbẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bátìrì, ilé ni kẹ́ ẹ ti rà á.

8. Oníṣẹ́

Písítìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, kẹ́ ẹ tó gbé sílíńdà lọ fún ẹni tó ń fẹ̀ ẹ́. Ẹ kó méjèèjì fún un pa pọ̀, pẹ̀lú ojú ìwé tó sọ àlàfo tó yẹ kó wà láàárín wọn. Tó bá ní kẹ́ ẹ fi sílíńdà sílẹ̀, kẹ́ ẹ lọ wá písítìn tó bá bọ́ sí i lẹ́yìn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Rẹ́wáyà: ẹ tẹ àwòrán wáyà aláwọ̀ fún un. Iná CG àkọ́kọ́ jẹ́ fóòlítì mẹ́fà (6V), ẹ sọ ọ́ kó tó fi gílóòbù 12V sí i.

Táńkì: ẹ rọ fínígà sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ ju ìwọ̀nba nọ́ọ̀tì sí i, kẹ́ ẹ máa mì ín, kẹ́ ẹ fi omi ṣàn án, kẹ́ ẹ tètè gbẹ ẹ́. Tó bá lu, kí wẹ́dà má fi iná kàn án láìjẹ́ pé omi kún un dé ibi tó fẹ́ jó. Táńkì tó ti ṣófo fún ọdún mẹ́wàá ṣì lè bú gbàù, òórùn pẹtiróòlù tó kù nínú rẹ̀ ló ń gbiná.

Ẹni tó ń sípíréè ló kù. Kó tó ha ọ̀dà àtijọ́, ẹ fi bébà fẹ́lẹ́ ya gbogbo àmì àti ìlà ara táńkì bó ṣe tóbi gan-an, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n láti etí. Kẹ́ ẹ sì fi tépù bo nọ́ńbà férémù fúnra yín. Ẹnì kan ti fi púùtì bo tèmi pátápátá, mo lo ọjọ́ kan gbáko láti fi igi oparun yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo ẹ̀yà tí mo yọ ni mo kó sínú agolo bísíkíìtì, títí kan èyí tó ti ṣẹ́, torí òun ni mo fi ń wọn ohun tí mo bá tún fẹ́ rà. Ìwé kékeré kan wà pẹ̀lú wọn: nọ́ńbà, ibi tí mo ti rà á, ọjọ́ tí mo rà á, bó ṣe wọ̀ tàbí tí kò wọ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni mi ò tíì fi àmì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ìdérí ẹ̀gbẹ́ òsì, pupa, tí irin kékeré tí wọ́n kọ orúkọ CG sí ṣì wà lára rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mo tún ń lọ sọ́dọ̀ bàbá yẹn láti wo páálí yòókù.